Yíyan táìlì tí ó yẹ kí a gbé fún ẹlòmíràn nínú mahjong ti Amẹ́ríkà

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ti gbé àpótí mahjong, ayò tí ènìyàn mẹ́rin máa ń fi táìlì (ègé kékeré alámì) ta, bọ̀ láti Amẹ́ríkà ni a ti ń pé jọ yí tábìlì ká ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ohun tí mo rí pé ó máa ń rú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lójú jù lọ ni Charleston, èyí tí í ṣe pàṣípààrọ̀ táìlì mẹ́ta-mẹ́ta tí a máa ń ṣe kí ayò tó bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Táìlì 152 ni ó wà nínú àpótí náà: bámù tí ó ní àwòrán ọparun, kíráàkì tí ó ní lẹ́tà Ṣáínà, àti dọ́ọ̀tì tí ó ní àmì róbótó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 9, lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù mẹ́rin àti dírágónì mẹ́ta (ẹ̀dà mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo ìwọ̀nyí ní), òdòdó 8 àti jókà 8. Káàdì tí National Mah Jongg League, ẹgbẹ́ tí ń ṣe òfin ayò yìí ní Amẹ́ríkà, máa ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún ni ó ń sọ irú àkójọ táìlì 14 tí ènìyàn lè fi jẹ ayò. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ohunkóhun sílẹ̀, ẹ wo káàdì, kí ẹ sì mú méjì nínú àwọn ọ̀wọ́ àkójọ tí ó wà lórí rẹ̀, tí táìlì yín súnmọ́. Bí ẹ bá mú ẹyọ kan ṣoṣo, ohun tí ẹ ń retí lè má dé. Bí ẹ bá sì mú mẹ́ta, ẹ kò ní rí ohun tí ẹ ó yọ kúrò.

Jókà dà bí Whot 20, nítorí pé ó lè dúró fún táìlì yòówù, ṣùgbọ́n òfin kò gbà pé kí a gbé e fún ẹnikẹ́ni nínú Charleston. Ibi tí ó bá sì ti jẹ́ táìlì mẹ́ta tó jọra tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni ó ti wúlò. Kò lè dí àyè ẹyọ kan, kò sì lè dí àyè méjì. Inú òfin yìí ni gbogbo ọgbọ́n yíyan ti jáde. Ìbejì, ìyẹn táìlì méjì tó jọra, tí ó bá wà lọ́wọ́ yín, kò sí jókà tí ó lè bá yín wá irú rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe máa ń bẹ àwọn tí mo ń kọ́ pé kí wọ́n má ṣe tú u ká.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ kan: òdòdó méjì, jókà kan, bámù 2, 2, 4 àti 8, dọ́ọ̀tì 6, 6 àti 8, kíráàkì 1, bámù 5, àti ẹ̀fúùfù Àríwá. Nọ́ńbà tí ó ṣeé pín sí méjì ni ó pọ̀ níbẹ̀, káàdì sì máa ń ní ọ̀wọ́ 2, 4, 6, 8. Kíráàkì 1, bámù 5 àti Àríwá ni kí ẹ gbé lọ sí apá ọ̀tún. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ẹ di òdòdó kan mọ́ wọn nítorí pé ẹ kò tíì rí ìlò rẹ̀, ẹ dá a dúró. Ìlà tí ń lo òdòdó pọ̀ lórí káàdì.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ ń kó pọ̀ fún aládùúgbò yín. Ní 2024, mo gbé dọ́ọ̀tì 2 méjì àti dírágónì funfun fún ẹni tí ó jókòó lápá ọ̀tún mi, láìrántí pé dírágónì funfun ni a ń lò gẹ́gẹ́ bí òdo nínú ọ̀wọ́ tí ń fi nọ́ńbà ọdún jẹ. Òun ni ó jẹ ayò náà. Ẹ̀gbọ́n wa wò mí, wọ́n ní, “Àbúrò, ìwọ lo gbé e lé e lọ́wọ́.” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ gbé mẹ́ta, mo máa ń mú wọn láti inú ẹ̀yà tí kò bára tan.

Lẹ́yìn ọ̀tún ni ọ̀kánkán, ìyẹn ẹni tí ó kọjú sí yín, lẹ́yìn náà ni òsì. Ní òsì yìí, bí táìlì tí ẹ lè yọ kò bá pé mẹ́ta, òfin gbà yín láyè láti fi lára èyí tí wọ́n gbé fún yín kún un láìwò ó. Ẹ lo àǹfààní náà dípò kí ẹ tú ìbejì ká. Charleston kejì, tí ó ń lọ láti òsì sí ọ̀kánkán sí ọ̀tún, kì í ṣe dandan. Ẹnikẹ́ni lè dá a dúró, kí ẹ má sì tijú láti ṣe bẹ́ẹ̀ bí ohun tí ẹ ní bá ti fara mọ́ra. Ní ìparí, ẹ̀yin àti ẹni tí ó kọjú sí yín lè pààrọ̀ láti orí òdo dé mẹ́ta, iye tí ó kéré nínú ohun tí ẹ̀yin méjèèjì bá béèrè ni ẹ ó sì tẹ̀ lé.