Bí A Ṣe Ń Múra Ìrìn Àjò Àgbàlagbà Tó Ń Lo Àga Onítáyà

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún òbí tàbí àgbàlagbà yòówù tó ń lo àga onítáyà, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn fúnra wọn léèrè bí agbára wọn ṣe tó: ṣé wọ́n lè gun àtẹ̀gùn díẹ̀, ṣé wọ́n lè dá dìde láti orí àga bọ́ sórí ibùsùn, wákàtí mélòó ni wọ́n sì lè fi jókòó kí ara tó máa ro wọ́n. Orí ìdáhùn wọ̀nyí ni gbogbo ètò yòókù máa dúró lé, nítorí náà kò yẹ kí ọmọ tàbí olùtọ́jú bá wọn dáhùn, bó ti wù kí ó mọ̀ wọ́n tó.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ mọ̀ pé àmì onílẹ́tà mẹ́rin ni àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìrànlọ́wọ́ tí èrò nílò. WCHR wà fún ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè rin ọ̀nà jíjìn nínú pápákọ̀. WCHS wà fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn àmọ́ tó lè rìn dé ìjókòó rẹ̀. WCHC sì wà fún ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé dé orí ìjókòó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú mú yín yan èyí tó kéré sí ohun tí ara ń fẹ́, nítorí ẹni tí wọ́n kọ WCHR fún lè débẹ̀ kó bá àtẹ̀gùn gíga láìsí ẹni tí wọ́n yàn láti gbé e. Ẹ fi tó iléeṣẹ́ ọkọ̀ létí, ó pẹ́ tán, ní wákàtí 48 ṣáájú, iye tí òfin European Union ti ọdún 2006 lórí ọ̀rọ̀ yìí náà là kalẹ̀, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ. Òfin kan náà sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó lórí ohun èlò ìrìn tí èrò bá gbé dání, títí dé méjì. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà, ẹ fi àyè púpọ̀ sílẹ̀, nítorí ẹni tó ń lo àga ni wọ́n sábà máa ń mú jáde gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ àga náà fúnra rẹ̀ ló ká mi lára jù. Inú yàrá ẹrù ni wọ́n máa ń gbé e sí, níbi tí ẹrù mìíràn ti lè tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá sì bàjẹ́, ẹni tó ni ín kò ní ẹsẹ̀ mìíràn tí yóò fi rìn ní ìlú àjèjì. Ẹ wọn ìbú, gíga àti ìwúwo rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti gbogbo ìhà lọ́jọ́ ìrìn àjò, kí ẹ sì yọ tìmùtìmù àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, kí ẹ kó wọn dání wọ inú ọkọ̀. Bí ó bá ń lo bátìrì lithium tó ṣeé yọ, ọ̀dọ̀ èrò ni bátìrì náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ ju watt-hour 300 lọ (òṣùwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbà), bí ó bá sì jẹ́ méjì, ìkọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju 160 lọ. Fún ìrìn àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ìrìn àjò ọkọ̀ òfuurufú, fi gbèdéke sí owó tí wọ́n máa san lórí ẹrù tó bàjẹ́, èyí tí kì í sábà tó owó àga oníná. Àyè wà láti kéde iye tí àga náà tó kí ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè gba owó díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìbàjẹ́, ẹ fi ẹ̀sùn sílẹ̀ ní kíkọ kí ẹ tó kúrò ní pápákọ̀. Ọjọ́ 7 péré ni àdéhùn náà fún yín.

Ní ti òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sọ pé àwọn ní yàrá fún aláàbọ̀ ara kò tó. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìbú ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ àti gíga ibùsùn, kí wọ́n sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà béèrè pé kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 82, kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì gùn ní ìlọ́po 12 gíga tó ń gbé èèyàn dé.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í mu omi lọ́jọ́ ìrìn àjò nítorí ìbẹ̀rù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ewu ni, nítorí ara tó gbẹ àti ìjókòó gígùn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀. Ẹ béèrè ìjókòó tó sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ sì bi iléeṣẹ́ ọkọ̀ bóyá àga tóóró tó ń gba àárín ìjókòó kọjá wà nínú ọkọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kì í bá èrò wọnú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí náà ẹni tó lè ṣèrànwọ́ gbọ́dọ̀ bá wọn rìn. Kí àgbàlagbà náà máa yí ìdí padà tàbí gbé ara sókè díẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 30 kí egbò má bàa yọ. Oògùn wọn kò gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù tó ń lọ sí yàrá ẹrù.

Ẹ mú ìwé pélébé kan, kí ẹ kọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a máa gbé wọn sí i: apá tàbí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ibi tí a kò gbọ́dọ̀ dì mú, àti ìhà tí wọ́n fẹ́ kí a dúró sí. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn, kí wọ́n lè fi han òṣìṣẹ́ kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n.