Ẹ Ka Omi, Ẹ Má Ka Kìlómítà: Bí A Ṣe Ń La Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ ní Àfonífojì Usuma

Ní Abuja, tí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́ lẹ fẹ́ gùn, Napep ni wọ́n á kọ́kọ́ rò. Èyí tí mò ń sọ níbí ni kẹ̀kẹ́ ológeere, báísíkù, irú èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tó lè rin ilẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ láti àárọ̀ dọ̀sán. Àwọn òyìnbó ti sọ irú ìrìn yìí di eré ìdíje. Láti 2006 ni wọ́n ti ń sá a ní ìlú Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ọdún 2022 sì ni UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún irú eré yìí ní Ítálì. Àgbẹ̀ tó ń fi Raleigh àtijọ́ gbé iṣu lọ sọ́jà lápá Bwari ti ń ṣe é tipẹ́, kò kàn sí ẹni tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ ni.

Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé Kubwa jáde, fóònù sọ pé kìlómítà 32 ni, a sì rò pé wákàtí mẹ́ta á tó. Wákàtí méje la lò. Òkè kọ́ ló dá wa dúró, oòrùn náà kọ́: omi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà la sọ̀kalẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ kọjá odò. Nígbà keje a ò rí ibi gbà, a ṣẹ́rí padà. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ la ọ̀nà tuntun, iye ibi tí ọ̀nà yẹn ti máa pàdé omi ni mo ń kọ́kọ́ kà. Kìlómítà á tẹ̀ lé e.

Ẹ kọ́kọ́ mọ odò náà

Dáàmù Lower Usuma wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ushafa, ní agbègbè Bwari. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́ ọ parí, ó sì lè gba omi tó mílíọ̀nù 100 kúbíìkì mítà. Ibẹ̀ lomi ẹ̀rọ tó ń yọ nílé wa láàárín ìlú ti ń wá. Nígbà tí ìlú fẹ̀ jù ú lọ, wọ́n tún na páìpù ńlá láti dáàmù Gurara ní Ìpínlẹ̀ Kaduna wá kún un. Lẹ́yìn dáàmù, odò Usuma kọrí sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ó gba Gwagwalada, ó lọ wọnú odò Gurara, Gurara sì lọ já sí Odò Ọya. Ẹ ò rí i pé omi tí ẹ ń wọ́ níbẹ̀ ṣì máa kí àwọn ará ilé wa lọ́nà.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé odò tó wà lẹ́yìn dáàmù kì í ṣe bí odò tó dá wà. Wọ́n lè tú omi sílẹ̀ lókè kí odò ga sókè lọ́jọ́ tí òjò kankan ò rọ̀. Òjò náà sì lè rọ̀ lórí àwọn òkè Bwari lálẹ́, kí ojú ọ̀run mọ́ roro lórí yín láàárọ̀, kí omi ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà, ẹ má fi ojú ọ̀run nìkan díwọ̀n odò. Ọgbà dáàmù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ẹ má wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ.

Àsìkò

Òjò máa ń rọ̀ ní Abuja láti bí April títí di October. Ní August àti September, ilẹ̀ pupa á di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà ò fi ní yí mọ́. Ẹ jókòó sílé. Ní November, koríko ṣì ga ju orí ènìyàn lọ lójú ọ̀nà, ẹ ò ní mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú. Àsìkò tí mo fẹ́ràn ni láti ìdajì December dé February: wọ́n ti sun koríko, odò ti fà, ọyẹ́ sì mú kí àárọ̀ tutù. Eruku á wà, ẹ fi nǹkan bo imú. Tó bá ti di March, ooru á ti le jù fún ẹni tí kò bá lè dé ilé ṣáájú aago mọ́kànlá.

Ẹ fa ọ̀nà yín sórí máàpù

Ẹ ṣí máàpù tó ń fi àwòrán sátẹ́láìtì hàn, ẹ má lo èyí tó ń fi ìlà nìkan hàn. Ẹ wá odò, kí ẹ wá tẹ̀ lé etí rẹ̀ pẹ̀lú ojú. Ẹ máa rí àkùrọ̀ (àwọn Haúsá ń pè é ní fadama) tó dúdú tó sì ń tutù lẹ́bàá omi, ẹ máa rí oko, ẹ máa rí ọ̀nà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó so abúlé pọ̀. Níbi tí ọ̀nà méjì bá ti wá láti òdìkejì odò tí wọ́n sì dojú kọ ara wọn, ibẹ̀ làwọn èèyàn ń gbà sọdá. Ẹ sàmì sí i. Ibi tí ọ̀nà bá dé etí odò tó sì parí síbẹ̀, àwọn tó ń pọnmi tàbí tó ń fọṣọ ló ni ín; kò sí ìsọdá níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka àmì tí ẹ sí. Lórí ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kìlómítà 10 sí 12 ni èmi ń rìn ní wákàtí kan, mo sì ń fi ogún ìṣẹ́jú kún un fún odò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kìlómítà 25 tó ní odò mẹ́jọ gùn ju ti kìlómítà 40 tó ní odò méjì lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó wá èyí tí odò rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, kí ọ̀dà sì wà nítòsí tó lè sá jáde sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Ọ̀nà ọlọ́dà tó gba Dutse Alhaji àti Ushafa lọ sí Bwari wúlò fún èyí.

Ẹ bi àwọn tó ń rìn ín

Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń rìn ín lẹ bi. Ẹni tó ń ta káàdì ní jọ́ǹṣọ̀n á sọ pé ọ̀nà dára, nítorí kò débẹ̀ rí. Ọlọ́kadà tó ń gbé èrò lọ sí abúlé ni kí ẹ bi: ibo lo gbà lánàá? Omi dé ibo lára táyà rẹ? Ìdáhùn rẹ̀ sàn ju fóònù lọ.

Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀ yìí látayébáyé. Ẹ máa mọ àwọn ìyá wọn lọ́nà: èjìká ni wọ́n ń gbé ẹrù lé, wọn kì í rù ú lórí bíi tiwa. Haúsá ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́, nítorí náà, ẹ kọ́ díẹ̀: "Ina kwana" láàárọ̀, "sannu da aiki" fún ẹni tó wà lóko, "nagode" tí ẹ bá ń lọ. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó kí àgbàlagbà. Ọmọ Yorùbá kankan kò nílò kí n ṣàlàyé ìdí, àmọ́ àṣíborí àti dígí dúdú máa ń mú wa gbàgbé ilé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé wà lápá ibẹ̀, kò ṣeé fi bò. Ẹ bi àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ibẹ̀ àti baálẹ̀ abúlé bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ má dá lọ, ẹ má lọ lálẹ́, ẹ má sì gbé ibi tí ẹ ń lọ sórí ẹ̀rọ ayélujára kí ẹ tó padà dé. Mo fẹ́ràn ọjọ́ ọjà, bí eruku ṣe pọ̀ tó, torí èèyàn ń lọ èèyàn ń bọ̀. Bí ọ̀nà tó sábà máa ń ní èrò bá ṣàdédé dá páro, ẹ padà.

Kẹ̀kẹ́

Kò dìgbà tí ẹ bá ra tuntun. Tòkunbọ̀ tó gba táyà fífẹ̀ tó 40 mm, tí bíréèkì rẹ̀ sì ń mú, ti tó. Ẹni tó wọ̀n tó kílò 75, kí ó fẹ́ táyà sí bíi PSI 35 sí 40. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀, ẹ óò máa ta lórí òkúta bíi bọ́ọ̀lù. Tó bá rọ̀ jù, òkúta á fún tíúbù mọ́ irin, yóò sì lù ú.

Ẹnu tíúbù ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Méjì ló wà: èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Presta, àti èyí tó nípọn bíi ti mọ́tò. Ẹ wá èyí tó nípọn tí rímù yín bá gbà á. Fọkanáísà abúlé èyíkéyìí lè fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lo tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbàgbé páǹpù sílé, fọkanáísà wo tíúbù, ó wo òun náà, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ti kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà mẹ́fà.

Tíúbù méjì, páṣì, páǹpù, ohun tí a fi ń yọ táyà, òróró ṣéènì díẹ̀: kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù. Níbi tí ojú ọ̀nà bá ti ká bíi páànù òrùlé, ẹ gba etí ọ̀nà, ẹ gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó díẹ̀, ẹ má di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú pinpin.

Bí a ṣe ń sọdá

Odò kì í kún kó bo ẹja lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe ẹja. Ẹ sọ̀kalẹ̀. Ibi tí omi ti fẹ̀ tó sì ń pariwo lórí òkúta ni kì í sábà jìn. Ibi tó dákẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ibi tí màlúù ń gbà fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ rẹ̀ lè gbé èèyàn mì dé orúnkún. Ẹ fi igi wọn omi. Tó bá ń ṣàn, tó sì ga ju orúnkún lọ, ẹ padà. Kò sí àwíjàre. Ẹ má bọ́ bàtà. Ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, kí kẹ̀kẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ yín, níbi tí omi ń lọ, kí ó má baà tì yín ṣubú.

Ẹ má mu omi odò, ẹ má sì pẹ́ nínú èyí tó dúró sójú kan tí ìgbín wà nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń wọ ara. Tí ẹ bá gòkè, ẹ nu ẹsẹ̀, ẹ kán òróró sí ṣéènì.

Oúnjẹ, ìsinmi, ìwé

Pure water mẹ́fà ni lítà mẹ́ta, òun ni ẹnìkan nílò. Dàbínù, kulikúlì àti mọ́sà gbígbóná tí ẹ bá rí lọ́nà dára ju bísíkíìtì lọ. Ẹ kúrò nílé ní aago méje kù díẹ̀. Tí ẹ bá gba Ushafa, ẹ yà síbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Ìlú náà ni Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, bẹ̀ wò ní 2000. Ní ti ìkòkò mímọ, ẹ yí náírà ogún padà, ẹ óò rí Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé, kí oorun tó gbé yín lọ, ẹ kọ odò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí omi dé lára yín. Nínú ìwé tèmi, odò kan náà wà lẹ́ẹ̀mẹ́ta: November, ìbàdí, a padà; December, orúnkún; February, kókósẹ̀, a ò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀.