Ọkọ̀ Ojú Omi Aláfẹ́fẹ́ Tí Ó Ń Jò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Nínú oòrùn ni mo ti fún ọkọ̀ mi ní afẹ́fẹ́ títí ó fi le, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo gbé e sórí omi tí ó fi rọ̀. Ṣé ó ti lu ni?

Ìdáhùn: Ó lè má lu rárá. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná máa ń súnkì bí omi bá mú un tutù. Bí géèjì (ohun tí a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́) bá ka 0.25 bar nígbà tí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ wà ní 35°C, tí omi sì sọ ọ́ di 20°C, géèjì yóò lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 0.19 bar láìsí ihò kankan. Ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un lórí omi, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì ní àkókò kan náà. Bí ẹ bá gbé e padà sínú oòrùn, ẹ dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù, nítorí pé ooru lè mú kí ó le ju bí ó ti yẹ lọ, kí ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ sì ṣí.

Ìbéèrè: Ó dá mi lójú pé ó ń jò, ṣùgbọ́n n kò rí ihò.

Ìdáhùn: Fáàfù, ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí iyanrìn kékeré kan tó láti má jẹ́ kí ó pa dé. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sára fáàfù, lẹ́yìn náà gbogbo ojú ìlẹ̀pọ̀, kí ẹ sì máa wo ibi tí yóò ti hó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ojú ìlẹ̀pọ̀ rìn jìnnà kí ó tó jáde, tí ihò gan-an yóò sì wà níbòmíràn. Bí yàrá afẹ́fẹ́ kan bá ń rọ̀ nígbà tí èyí tí ó tẹ̀ lé e ń le sí i, tí ọṣẹ kò sì hó níbìkankan, ògiri tí ó wà láàárín wọn ni ó ń jò.

Ìbéèrè: Gọ́ọ̀mù wo ni ó yẹ kí n lò?

Ìdáhùn: Ohun tí a fi ṣe ọkọ̀ ni yóò sọ ọ́. Ẹ kán MEK (omi kẹ́míkà kan tí ó ń yọ́ nǹkan) díẹ̀ sí ibi tí ó fara sin: bí ibẹ̀ bá rọ̀ tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, PVC (irú ike kan) ni, gọ́ọ̀mù polyurethane ni ó sì gbà. Hypalon (irú rọ́bà kan) kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù neoprene alápá méjì (tí a ń po pọ̀ kí a tó lò ó) ni tirẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi sáńpépà ha á títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi silicone sí i láé, nítorí ibi tí ó bá kàn, gọ́ọ̀mù mìíràn kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn mọ́.

Ìbéèrè: Ojú ìlẹ̀pọ̀ kan ti ń ṣí. Ṣé kí n kàn ti gọ́ọ̀mù bọ àlàfo rẹ̀, kí n sì tẹ̀ ẹ́ pa?

Ìdáhùn: Rárá o. Gọ́ọ̀mù tuntun tí a fi lé orí èyí tí ó ti kú yóò tẹ̀ lé e ṣí ni. Ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ tẹ́ ibẹ̀ sórí pátákó, kí ẹ sì rọra ṣí i títí ẹ ó fi dé ibi tí ó ṣì di ara mú ṣinṣin. Ooru díẹ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá, ẹ fi MEK nu ún níta gbangba, jìnnà sí iná, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí ni ó gba àkókò jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kọjá. Ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa ojú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ tún pa á lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì dúró títí yóò fi máa lẹ̀ díẹ̀ mọ́ ìka láìdà mọ́ ọn. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí yóò jókòó sí, nítorí pé bí ó bá ti kan ara, kò ṣeé sún kiri mọ́. Ẹ fi rólà tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ju 60% lọ, ẹ sún iṣẹ́ náà síwájú, ẹ má sì fún ọkọ̀ ní afẹ́fẹ́ kí wákàtí 24 tó pé.

Ìbéèrè: Báwo ni àlẹ̀mọ́ ihò lásán ṣe yẹ kí ó tóbi tó?

Ìdáhùn: Kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 5 kọjá ihò náà níbi gbogbo, kí igun rẹ̀ sì rí roboto, nítorí igun ṣóńṣó ni ó máa ń kọ́kọ́ gbé sókè. Ohun tí ó ya gùn nílò àlẹ̀mọ́ nínú àti lóde.

Ìbéèrè: Èwo ni kí n gbé fún oníṣẹ́?

Ìdáhùn: Ògiri inú tí mo mẹ́nu kàn, nítorí ó lè gba kí a la ọkọ̀ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, àti ojú ìlẹ̀pọ̀ PVC tí a fi ooru jó pọ̀ ní ilé iṣẹ́, bí ó bá ṣí gùn.