Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ọmọdé: Ìdáhùn sí Ohun Tí Àwọn Òbí Máa Ń Béèrè Jù

Lọ́jọ́ àjẹsára, èrò máa ń pọ̀ ní sẹ́ńtà ìlera débi pé nọ́ọ̀sì kì í ráyè ṣàlàyé tó. Á gún ọmọ, á kọ ọjọ́ tí ẹ máa padà wá sára káàdì, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Àwọn ìbéèrè tí òbí ń gbé padà sílé láìgbọ́ ìdáhùn ni a kó jọ síbí.

Bí wọ́n ṣe tò ó ní Nàìjíríà nìyí, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọjọ́ ìbí: BCG fún ikọ́ ẹ̀gbẹ ní apá òsì, ẹ̀kán méjì sẹ́nu fún rọpárọsẹ̀, àti abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14: Penta, tó ń dènà àrùn márùn-ún pa pọ̀ (ipá àti mẹ́dọ̀wú wà lára wọn), PCV fún òtútù àyà, ẹ̀kán rọpárọsẹ̀, àti ẹ̀kán rota fún ìgbẹ́ gbuuru. Ní ọ̀sẹ̀ 6 àti 14, wọ́n á fi IPV, ìyẹn abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀, kún un. Oṣù 9: èéyi, ibà pọ́njú àti yírùnyírùn. Oṣù 15: èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú ọjọ́ ìbí kò ṣe é fi falẹ̀. Láàárín wákàtí 24 ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, torí pé lásìkò ìbímọ gan-an ni kòkòrò náà máa ń ti ara ìyá wọ ara ọmọ. Ẹni tó bímọ sílé kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí wọ́n bá sọmọ lórúkọ kó tó gbé e jáde.

Èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì ni àwọn òbí máa ń gbàgbé jù: ọmọ ti ń rìn, ara rẹ̀ ti le, kí la tún ń wá lọ síbẹ̀? Ohun tí à ń wá ni pé ní oṣù 9, ààbò tí ìyá fún ọmọ nígbà tó wà nínú oyún lè ṣì kù lára rẹ̀, kó má jẹ́ kí àjẹsára náà ráyè ṣiṣẹ́. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó gbà á ní oṣù 9, ó lè tó ẹyọ kan tàbí méjì tí kò ní mú. Ti oṣù 15 ló ń bá wọn ṣe é.

Kí ló dé tí rọpárọsẹ̀ fi ní ẹ̀kán, tó tún ní abẹ́rẹ́?

Oríṣi kòkòrò rọpárọsẹ̀ mẹ́ta ló wà. Láti ọdún 2016, ẹ̀kán tí wọ́n ń fún ọmọ nínú àjẹsára ìgbà-dé-ìgbà ń dènà oríṣi kìn-ín-ní àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Abẹ́rẹ́ IPV ń dènà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kán ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kò lè ṣe dáadáa: inú ìfun ló ti ń gbógun, kí ọmọ má baà máa yàgbẹ́ kòkòrò náà síta fún ọmọ ẹlòmíràn. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé kiri ojúlé kò rọ́pò ti sẹ́ńtà. Ẹ gba méjèèjì, àlékún kò pa ọmọ lára. Bí ọmọ bá tu ẹ̀kán náà dànù lójú ẹsẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó fún un ní òmíràn.

A dé ibẹ̀, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn

Èyí máa ń bí àwọn ìyá nínú, ó sì nídìí. Lẹ́búlẹ́bú ni BCG, èéyi àti ibà pọ́njú. Omi ni wọ́n fi ń pò ó. Tí wọ́n bá ti pò ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ, dídànù ni, torí kòkòrò àìsàn lè wọ inú rẹ̀. Ìgò BCG kan sábà máa ń tó ọmọ 20, ti èéyi tó 10. Ìdí nìyẹn tí sẹ́ńtà fi máa ń yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ fún wọn. Ẹ béèrè ọjọ́ yẹn ṣáájú, kí ẹ sì tètè dé. Ẹ má gbà kí wọ́n lo èyí tí wọ́n pò lánàá.

Ara ọmọ gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́

Penta ló sábà máa ń fà á. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ kejì, kì í sì í sábà ju ọjọ́ méjì lọ. Ti èéyi kì í tètè yọjú: láàárín ọjọ́ 5 sí 12 ni ara lè gbóná, kí nǹkan wẹ́wẹ́ sì sú díẹ̀.

Ẹ má fún ọmọ ní paracetamol kí wọ́n tó gún un. Tí ara bá gbóná, ẹ wo ara ìgò kí ẹ tó wọn oògùn. Omi dídùn tí wọ́n kọ 120mg nínú 5ml sí lára: ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó wọn kílò 4 sí 5 á gba 2.5ml, ìyẹn ìdajì ṣíbí oògùn. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí 6 kí ẹ tó tún un fún, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Ibi tí ewu wà ni ìgò kékeré tó ní ìfami-sẹ́nu, tó jẹ́ 100mg nínú 1ml. Ẹni tó bá wọn 2.5ml nínú ìyẹn ti fún ọmọ ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló sì máa forí fá a. Ọmọ tí kò tó kílò 4, ẹ bi nọ́ọ̀sì.

Ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn lára rẹ̀, kí ẹ máa fún un lọ́mú léraléra. Ibi tó wú lórí itan, aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tútù ni kí ẹ gbé lé e. Kò gba omi gbígbóná, kò gba òrí, kò gba fífi ọwọ́ tẹ̀, àgbo kò sì sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá tí kò bá mu ọmú, tí gìrì bá mú un, tó bá ń sunkún fún ju wákàtí mẹ́ta láìdákẹ́, tàbí tí ara bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Èyí tó lè gbẹ̀mí, tí ojú tàbí ètè ọmọ á wú lójijì, tí mímí á nira, ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ jókòó sí sẹ́ńtà fún ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́.

Egbò apá òsì

BCG nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, á wú, á lè sun ọyún díẹ̀, á gbẹ, á fi àpá sílẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan sí i, títí kan spirit. Tí kókó bá wú lábẹ́ abíyá, ẹ gbé e lọ fún wọn wò.

Tí a bá ti pẹ́ ńkọ́?

Ẹ máa bá a lọ níbi tí ẹ dé, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí kìn-ín-ní. Tí Penta kejì bá yẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ gba kejì lónìí, kí ẹ sì gba kẹta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. BCG ṣì ṣeé gbà kí ọmọ tó pé ọdún kan. Òtútù, ikọ́ díẹ̀ tàbí ìgbẹ́ kékeré kì í ṣe ìdí láti dá ọmọ dúró sílé. Àìsàn tó gba dídá ọmọ dúró sílé ìwòsàn ni a ń sún ọjọ́ síwájú fún. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an la ó ka. Ọmọ tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ló tilẹ̀ nílò PCV jù.

Tí káàdì bá sọnù, rẹ́jísítà sẹ́ńtà tí ẹ ti gbà á ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wá. Tí kò bá sí níbẹ̀, àpá BCG ṣeé wò, ìyókù ni wọ́n á tún gún bí ẹni tí kò tíì gbà á. Ẹ ya fọ́tò káàdì tuntun tí wọ́n bá fún yín, iwájú àti ẹ̀yìn, torí ilé ìwé máa ń béèrè rẹ̀.