Ẹ̀dà Wo Lẹ Fẹ́ Wò? Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Wíwá Síríìsì Àtijọ́ àti Títún Un Wò

Nígbà Iléyá, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú bá ti wọlé dé nítorí Ojúde Ọba, kì í pẹ́ tí ẹnìkan nínú pálọ̀ yóò fi ní, "Ẹ bá wa wá eré tí a máa ń wò nígbà yẹn ná." Ọmọ kan á yọ fóònù, á tẹ orúkọ eré náà sórí YouTube, á sì ṣí èyí tó kọ́kọ́ yọjú. Ojú àwọn òṣèré á fẹ̀ bí àwo, ohùn á máa hó, eré á já lágbede méjì. Kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, Mọ́mì ti ń tòògbé. Gbogbo ilé á wá ní eré ayé àtijọ́ ò dùn mọ́.

Eré yẹn ò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ̀dà tí wọ́n wò ni kò dáa. Síríìsì kan lè ní ẹ̀dà mẹ́rin tàbí márùn-ún: èyí tí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́ níjọ́ àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n gé kúrú kí wọ́n tó tà á sí ilẹ̀ mìíràn, èyí tó wà lórí díìsìkì, èyí tí wọ́n tún àwòrán rẹ̀ ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ìwòyí, àti èyí tí ẹnìkan fi fóònù yà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí kò bá yan ẹ̀dà kó tó jókòó, inú àṣìṣe ló jókòó sí.

Ẹ má fi orúkọ eré nìkan wá a

Ẹ jẹ́ ká mú *The Village Headmaster*, eré tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ, dá sílẹ̀. Ọdún 1968 ló bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń lọ títí di 1988. Ní 2021, wọ́n gbé *The New Village Headmaster* jáde. Bí ẹ bá tẹ orúkọ yẹn lásán, tuntun àti àtijọ́ á dà pọ̀ mọ́ ìròyìn àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ ò sì ní mọ èyí tí ẹ óò mú.

Òṣèré ló máa tú u fún yín. Ted Mukoro ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ilé ìwé nínú eré náà, Fẹ́mi Robinson ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, Justus Esiri náà sì tún ṣe é. Ẹ wo ẹni tó di ipò yẹn mú nínú fídíò tí ẹ rí, ẹ óò mọ̀ bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ni tàbí ìgbẹ̀yìn. Ó níbi tí orúkọ òṣèré fúnra rẹ̀ ti ń ṣini lọ́nà. Fúnṣọ́ Adéolú tó ṣe Olóyè Eleyinmi padà di Aláyé ti Òde-Rẹ́mọ, nítorí náà ẹni tó bá fi orúkọ ọba wá a lè bá ara rẹ̀ láàfin dípò orí eré. Ẹ fi "Eleyinmi" kún un.

Ọ̀nà tó rọrùn rèé. Kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ mú bébà, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni kan nínú eré, orúkọ òṣèré kan, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó gbé e, àti ọdún tí ẹ rò pé ó jẹ́. Bí ọdún bá ṣòro, ẹ bi àwọn àgbà léèrè kíláàsì tí Bùọ̀dá wà nígbà yẹn, ẹ óò rí i ṣírò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orúkọ inú eré pọ̀ mọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, láìfi àmì ohùn sí i, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé fídíò sókè kì í lo àmì. Ẹ lọ sí "Filters", ẹ mú èyí tó ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Eré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí wọ́n bá ti yọ ìpolówó kúrò, sábà máa ń wà láàárín ìṣẹ́jú 21 sí 28. Eré wákàtí kan ti Amẹ́ríkà á tó ìṣẹ́jú 42 sí 50. Èyí tí ẹ bá rí ní ìṣẹ́jú 11, àbọ̀ ni.

Eré òkèèrè tí wọ́n yí ohùn rẹ̀ padà tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ló mọ *The Rich Also Cry*. Eré Mẹ́síkò ni, ọdún 1979 ló sì bẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni *Los ricos también lloran*, òun sì ni kí ẹ tẹ̀. Bákan náà, àwọn kan máa ń wá *Aiye* ti Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọsà, láàárín àwọn síríìsì. Fíìmù sinimá ni, ti 1979, kò ní ẹ̀písóòdù tí ẹ óò máa wá kiri.

Ẹ má jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n tẹ ojú wọn mọ́lẹ̀

Àṣìṣe yìí ló ń ba eré àtijọ́ jẹ́ jù lọ, tí ẹni tó ń wò ó ò sì ní fura. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ sún mọ́ onígun mẹ́rin tó dọ́gba, ìwọ̀n 4:3. Ti ìsìnyí fẹ̀ gbọọrọ, 16:9. Bí tẹlifíṣọ̀n bá fa àwòrán àtijọ́ kó lè kún ojú rẹ̀, gbogbo nǹkan á fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ sí i. Ẹni tó tínrín á di ẹni tó sanra.

Ẹ wá ohun tó rí roboto nínú eré náà, bí aago ara ògiri tàbí táyà mọ́tò. Bí kò bá rí roboto, wọ́n ti fà á. Ẹ tún lè fi téèpù aṣọ wọn ọ́n. Ojú tẹlifíṣọ̀n 32 ínǹṣì fẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 71, ó sì ga ní 40. Àwòrán 4:3 tó bá jókòó dáadáa níbẹ̀ yóò fẹ̀ ní 53, dúdú tó tó sẹ̀ǹtímítà 9 á sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Dúdú yẹn kì í ṣe ìbàjẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí dúdú yẹn ń bí nínú máa ń yan "Zoom", ìyẹn sì burú ju fífà lọ. "Zoom" ń gé ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán sọnù, lókè àti nísàlẹ̀. Nínú eré Yorùbá, ohun tó máa kọ́kọ́ lọ ni gèlè àwọn ìyá àti abẹ́tí ajá àwọn bàbá, ọwọ́ tí ẹnìkan fi ń na owó lábẹ́ tábìlì náà á sì lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gan-an ti ṣe àṣìṣe yìí. Nígbà tí Disney+, tó ń fi eré hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ẹ̀dà gígé ni wọ́n fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ *The Simpsons* àtijọ́ hàn. Àwàdà tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ àwòrán sọnù, àwọn ènìyàn figbe ta, ó sì di 2020 kí wọ́n tó dá 4:3 padà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ tẹ "P.Size", "Aspect" tàbí "Picture Size" lórí rìmóòtù, kí ẹ sì yan 4:3. Bí ó bá jẹ́ inú dẹ́kódà ni eré ti ń wá, ẹ kọ́kọ́ wo sẹ́tìn-ìn dẹ́kódà, torí bí òun náà bá ń fà á, méjèèjì á jọ máa bá ara wọn jà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó gbé fídíò sókè ló ti fà á kó tó dé ọwọ́ yín, 4:3 yẹn náà ni yóò fún un padà sí bó ṣe yẹ. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú VLC, áàpù tí a fi ń wo fídíò, ẹ máa tẹ lẹ́tà A títí ẹ óò fi rí 4:3. Bí ẹ bá ti wà nínú sẹ́tìn-ìn, ẹ kúrò lórí "Vivid" tàbí "Dynamic", kí ẹ sì fa "Sharpness" sísàlẹ̀. Àwòrán àtijọ́ kò mọ́ kedere púpọ̀, àmì wínníwínní tí kò yẹ ni "Sharpness" ń gbé jáde.

Nọ́ńbà ẹ̀písóòdù lè parọ́

Ẹni tó gbé eré sáfẹ́fẹ́ lè máà tẹ̀lé ètò ẹni tó kọ ọ́. *Firefly* ti Amẹ́ríkà, ní 2002, ẹ̀písóòdù tó yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi hàn kẹ́yìn. Àwọn òǹwòran rí àwọn ènìyàn inú ọkọ̀ láìmọ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀, wọn ò sì pọ̀ tó, eré náà ò sì pẹ́ tó fi kú. Bí síríìsì bá ní ìtàn tó ń tẹ̀ síwájú, ẹ wá ètò tí díìsìkì rẹ̀ lò. Fún àwàdà tí ọ̀rọ̀ ń parí lọ́jọ́ kan náà, ẹ wò ó bó bá ṣe wù yín.

Orin náà ń yí padà. Owó àṣẹ orin tí wọ́n san fún tẹlifíṣọ̀n lè máà kan díìsìkì tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fi orin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí *WKRP in Cincinnati* nìyẹn, bẹ́ẹ̀ eré nípa ilé iṣẹ́ rédíò ni. Bí ẹ bá ń wo eré tí ẹ mọ̀ dáadáa, tí ó ń ṣe yín bíi pé nǹkan kan sọnù, ẹ fetí sí orin kí ẹ tó dá ọpọlọ yín lẹ́bi.

Ẹ má fi dátà wá ohun tí kò sí

Ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ohunkóhun tí wọ́n ṣe ní tààrà láyé ìgbà náà tí wọn ò gbà sílẹ̀, ó ti lọ. Kì í ṣe àwa nìkan. BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ ara wọn pa téèpù síríìsì wọn, *Doctor Who*, rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò, torí téèpù wọ́n, kò sì sẹ́ni tó rò pé wọ́n á tún fẹ́ wò ó. Ẹ̀písóòdù tó lé ní 90 láti àwọn ọdún 1960 ni kò sí títí di òní. Nítorí náà, bí ẹnìkan ní Òkè-Ajé tàbí Ṣágámù bá ní òun ní eré ogún ọdún "pátá porogodo" nínú fúláàṣì kan, ẹ ní kó ṣí ìbẹ̀rẹ̀ kan àti ìparí kan lójú yín. Eré tí ẹni tó ni ín ṣì ń tà tàbí tó ń fi hàn fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí owó yín lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni.

Kásẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ẹ má kàn kì í bọ fídíò

Ẹ̀dà tó dáa jù lè wà nínú ilé yín. Òjò Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pọ̀, ọ̀rinrin sì ni ọ̀tá kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ojú fèrèsé kékeré tó ní. Etí téèpù yẹ kó dúdú, kó sì máa dán. Bí ẹ bá rí funfun bí ìyẹ̀fun tàbí bí òwú aláǹtakùn létí rẹ̀, èbu ni. Bí ẹ bá kì í bọ inú ẹ̀rọ, èbu náà á lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ á sì mú nínú rẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú ọ̀rá, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Ẹ má sá a sóòrùn, téèpù á ká.

Èyí tó mọ́, ẹ kọ́kọ́ kán ike kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba nǹkan mìíràn lé e. Ẹ fi ẹ̀rọ yí i lọ dópin, ẹ yí i padà, kó tó di pé ẹ wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di fáìlì, ẹ sọ fún oníṣẹ́ pé ìwọ̀n àwòrán 720 lọ́nà 576 ni ẹ fẹ́, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, 4:3. Kásẹ́ẹ̀tì E-180 gba wákàtí 3, wákàtí 3 náà ni dídà rẹ̀ yóò gbà, fáìlì rẹ̀ sì lè tó 8 GB. Ẹni tó bá ní òun á ṣe mẹ́wàá tán ní ìrọ̀lẹ́ kan pẹ̀lú ẹ̀rọ kan, ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì yín lọ́wọ́ rẹ̀.

8 GB yẹn sì lè má wọ fúláàṣì. Fúláàṣì tí wọ́n tò lọ́nà FAT32 kì í gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ, bó ti wù kí àyè pọ̀ tó nínú rẹ̀. Ẹ lo exFAT bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ń kà á, bí kò bá kà á, ẹ ní kí wọ́n pín fáìlì náà. Bí ohùn bá ń jáde tí àwòrán ò sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ H.265, ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń ká fídíò kúrú, tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò mọ̀. Ẹ bèèrè H.264, ti àtijọ́.

Dátà àti ọjọ́ tí fáìlì ń kú

Lórí Netflix, ìwọ̀n "Low" ń jẹ 0.3 GB ní wákàtí kan, "Medium" 0.7 GB, "High" sì lè jẹ 3 GB. Síríìsì ẹ̀písóòdù 20 tó jẹ́ ìṣẹ́jú 45 jẹ́ wákàtí 15. Ìyẹn 10.5 GB ní "Medium", tàbí 45 GB ní "High". Ẹ gbà á sórí fóònù kí èrò tó kún ìlú, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wúwo lásìkò ọdún. Ẹ má sì ṣí i wò láti mọ̀ bóyá ó dára. Àwọn eré kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti tẹ "Play" lẹ́ẹ̀kan, wákàtí 48 ló kù fún wọn.

Ẹ ṣí àkáǹtì kékeré tiwọn fún àwọn ọmọdé. Bí wọ́n bá fi tiyín wo àwòrán ẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni wọn yóò máa gbé wá fún yín, ẹ ó sì máa ní kò sí eré gidi mọ́. Fún síríìsì tuntun, ẹ má fi ẹ̀písóòdù kìíní nìkan dájọ́. Wọ́n máa ń ya ti àkọ́kọ́ ṣáájú kí wọ́n fi tọrọ owó, òṣèré lè yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́ta la fi ń mọ̀.

Ní àlẹ́ tí gbogbo ilé bá jọ ń wò ó, ẹ̀písóòdù méjì ti tó, kí ẹni tó ti wò ó rí má sì ṣíwájú òṣèré sọ̀rọ̀. Ẹ pa "Autoplay" kí orúkọ ìparí lè kọjá tán. Ẹ mú bébà yẹn padà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ eré àti ẹni tó darí rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú tẹlifíṣọ̀n tó dúdú, torí orúkọ méjèèjì yẹn lẹ óò fi wá eré tó kàn.