Bí a ṣe ń ka nǹkan oṣù lẹ́yìn oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì

Ẹ fa kàlẹ́ńdà yọ, kí ẹ sàmì sí ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ tí nǹkan oṣù tó kọjá bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ lo oògùn náà, àti ọjọ́ tí ẹ ń retí èyí tó ń bọ̀. Ọjọ́ kẹta yìí la ti ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gbé oògùn mì. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe.

Yálà levonorgestrel (mílígíráàmù 1.5) lẹ lò tàbí ulipristal (mílígíráàmù 30), iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ẹyin dúró kó má tètè jáde. Bí ẹyin bá pẹ́, nǹkan oṣù náà á pẹ́. Ulipristal ló sábà máa ń mú un pẹ́. Levonorgestrel tí a lò nígbà tí nǹkan oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lè mú un yá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀ tàbí kó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá ti ju ọjọ́ 7 lọ, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó kán tó-tó sí pátá lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn oògùn ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe nǹkan oṣù, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọjọ́ kìn-ín-ní. Kò sì fi hàn pé oyún ò dúró.

Orí lè máa fọ́ni, kí ọmú máa roni, kí èébì máa gbéni. Kì í pẹ́ lọ. Àmọ́ bí ẹ bá bì í kí wákàtí 2 tó pé lẹ́yìn tí ẹ gbé oògùn mì (wákàtí 3 fún ulipristal), ẹ tètè lo òmíràn.

Tí ọjọ́ 7 bá ti lé lórí ọjọ́ tí ẹ ń retí, ẹ fi ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í dé lásìkò, kó ka ọjọ́ 21 láti ọjọ́ ìbálòpọ̀ náà. Àyẹ̀wò tó bá yá jù lè sọ pé kò sí oyún nígbà tó wà, torí ohun tó ń wá nínú ìtọ̀ kò tíì pọ̀ tó.

Ẹyin tí oògùn dá dúró ṣì máa jáde o! Ìbálòpọ̀ tó bá wáyé lẹ́yìn oògùn lè di oyún, nítorí náà ẹ lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù títí nǹkan oṣù á fi dé. Ẹni tó lo ulipristal, kó dúró di ọjọ́ 5 kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhòmóònù, kí ọ̀kan má ba iṣẹ́ èkejì jẹ́.

Inú ríro líle nísàlẹ̀ ikùn, pàápàá lápá kan, pẹ̀lú òòyì tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò yé yín: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oyún lè ti dúró síta ilé ọmọ.