Ẹ yéé gbin tòmátì sínú òjò: àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin ẹ̀fọ́ ní agbègbè Kábà

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi í pamọ́. Ọdọọdún ni mo ń rí àwọn èèyàn tó gba owó ìfẹ̀yìntì tàbí tó kó àjọ, tí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé oko ẹ̀fọ́ ní Kábà, ní Ìyàrà, ní Mọ́pà, ní ìpínlẹ̀ Kogí níbí, tí owó náà sì bá àgbàrá lọ. Ilẹ̀ wa kò burú. Ojú ọjọ́ ni wọn kì í wò kí wọ́n tó náwó. Mo mọ̀ pé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè àti bí wọ́n ṣe ń ro oko, ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, òjò àkọ́rọ̀. Òjò kan lè já lulẹ̀ ní ìparí oṣù kejì tàbí nínú oṣù kẹta, kí esunsun fò, kí gbogbo ìlú máa rùn bí erùpẹ̀ tútù. Àwọn kan á ti gbé irúgbìn jáde. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀run á gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, oòrùn á sì jó gbogbo ohun tó hù. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ kò bá ní omi tí ẹ lè fi ràn án lọ́wọ́, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí inú rẹ̀ kò bá tíì tutù kan ọrùn ọwọ́ yín, ẹ má gbìn.

Èkejì, ìgbẹ́ adìẹ tútù. Ó ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, kó jẹrà títí kò fi ní gbóná mọ́.

Ẹ̀kẹta ni tòmátì inú òjò, òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn á dé ọjà ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, á rí iye tí wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ tòmátì, á ní òun ti rí iṣẹ́. Kò ní béèrè ohun tó mú kó wọ́n. Òkè Ọya, ní Kánò, Kàdúná àti Kàtsínà, ni púpọ̀ nínú tòmátì tí à ń jẹ nígbà ẹ̀rùn ti ń wá. Wọ́n ń fi omi odò àti ti dáàmù rin ín, òru tutù nítorí ọyẹ́, ewé sì ń gbẹ. Nígbà tí òjò bá dé, ìkórè yẹn ti tán, ọ̀wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó gbé owó tòmátì ga ní oṣù keje náà ló máa pa tiyín ní oṣù keje.

Bó ṣe ń pa á nìyí. Ewé tòmátì kì í fẹ́ tutù láti àárọ̀ dé alẹ́. Òjò á máa ta erùpẹ̀ sára àwọn ewé ìsàlẹ̀, àmì dúdú á yọ lára wọn, á máa gun òkè lọ títí igi á fi ṣẹ́kù ní ìhòòhò. Àrùn kejì tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí inú ilẹ̀ ló ń gbé. Igi tòmátì á dúró gírí láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti rọ jọwọlọ, ewé rẹ̀ kò sì tíì pọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni, ẹ gé igi náà nítòsí ilẹ̀, ẹ ti ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tó mọ́, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Bí ohun funfun bí omi wàrà bá ń ṣàn wálẹ̀ láti ojú rẹ̀, òun ni. Kò sí oògùn kankan tí ẹ máa fọ́n sí i lóko tó lè wò ó.

Tíṣà obìnrin kan ládùúgbò wa ti ra oríṣi oògùn mẹ́ta kó tó pè mí. Mo gé igi kan, mo fi hàn án nínú ife. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó tà á fún mi ní kí n tún fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan sí i.” Mo ní, “Àbúrò, fi owó yẹn ra irúgbìn tẹ̀tẹ̀.” Ata rodo ló gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ìyá ni ata àti tòmátì, ohun tó ń pa ọ̀kan ń pa èkejì. Àgbàdo tàbí tẹ̀tẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀lé ata lórí ilẹ̀ yẹn. Ó dùn mí, nítorí owó oṣù rẹ̀ ni, ẹni tó tajà fún un sì mọ ohun tó ń ṣe.

Nínú òjò, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá àti ugu. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ràn òjò, ọjà wọn sì yá. Ẹni tó bá ní owó láti fi ọ̀rá bo orí oko, kó fi ọ̀pá gbé igi dúró, kó sì máa já ewé ìsàlẹ̀, lè gbin tòmátì nígbàkigbà tó bá wù ú, bí àrùn inú ilẹ̀ yẹn kò bá sí níbẹ̀. Kì í ṣe owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Irúgbìn ewédú tí kò hù, ẹ má bú ẹni tó tà á. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ tó fọ́n ọn.

Ọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò ń bà mí lẹ́rù ju ti owó lọ. Àwọn kan ń fọ́n dichlorvos, oògùn ẹ̀fọn àti aáyán, sórí ẹ̀fọ́ tí wọ́n máa já lọ́la. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré. Ọmọ ẹlòmíràn ló máa jẹ ẹ̀fọ́ yẹn. Oògùn tí wọ́n ṣe fún oko ní iye ọjọ́ tó yẹ kí ẹ dúró kí ẹ tó kórè lára páálí rẹ̀. Ẹ kà á. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ má fọ́n ọn, ẹ fi ọwọ́ ṣa kòkòrò náà.

Tẹ̀tẹ̀ nígbà ẹ̀rùn máa ń yára yọ òdòdó, pàápàá tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́. Ẹ má retí pé ẹ máa já a lájàtúnjá bíi ti inú òjò. Ẹ fọ́n ọn kó ki, kí ẹ fà á tu ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, sí ìdí. Ẹ sì ro ẹ̀gbẹ́ oko yín kanlẹ̀ kí ọyẹ́ tó mú, nítorí iná ìgbẹ́ kì í béèrè ọ̀nà.

Àsìkò tòmátì wa ni ìgbà tí òjò bá ń lọ. Ẹ gbìn ín sí nọ́sìrì, ìyẹn ibi tí a ti ń tọ́ ọ kó tó dé oko, ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, kí ẹ sì kó o lọ sí àkùrọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò ní ṣàìní ọ̀tá níbẹ̀ náà. Ní ọdún 2016, kòkòrò Tuta absoluta, tí wọ́n ń pè ní Ebólà tòmátì, ba oko jẹ́ ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì. Nítorí náà, ẹ máa yẹ ewé wò láàárọ̀, ẹ já èyí tí kòkòrò ti ń jẹ inú rẹ̀, kí ẹ sì sun ún. Ẹ má sì kánjú wọ àkùrọ̀ nígbà tí omi ṣì dúró níbẹ̀. Orí ilẹ̀ gíga ni kí nọ́sìrì wà títí omi á fi fà, kódà bó bá di oṣù kọkànlá.